Ṣé kí n kàn da Hypo sínú tánkì omi ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tanke níbí n'Ílọrin là ń gbé. Tánkì 1,000 lítà kan ló wà lẹ́yìnkùlé wa, omi bọ́hóòlù la fi ń kún un, àmọ́ tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti le, bọ́hóòlù ò kì í fa dáadáa mọ́, ọwọ́ mẹ́ruwà la ti ń ra omi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí omi náà ti ń rùn, ó tún pọ́n díẹ̀, àná ni ọmọ mi bu omi tó rí kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń ta nínú ẹ̀. Aládùúgbò wa ní kí n da Hypo sí i, pé ó tán. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Alhaja, ẹ kú àmójútó ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì da nǹkan kan síbẹ̀. Iṣẹ́ pọ́lọ́mbà ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ Hypo yìí sì ni mo máa ń bá àwọn èèyàn fà jù. Páìpù tó ń gbé omi jáde nínú tánkì kì í wà nílẹ̀ pátápátá, ó máa ń ga díẹ̀, torí náà eruku ọyẹ́, iyanrìn bọ́hóòlù, ewé, gbogbo ẹ̀ á jókòó sísàlẹ̀, á di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá da Hypo lé e, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ló máa jẹ agbára ẹ̀ tán kó tó ráyè pa kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àrùn. Ẹ ó máa gbóòórùn Hypo, ẹ ó rò pé omi ti mọ́, bẹ́ẹ̀ kò mọ́.

Fífọ̀ ló kọ́kọ́ kàn. Ẹ má tan bọ́hóòlù sí i mọ́, kẹ́ ẹ máa fi omi tó wà ńbẹ̀ fọ ilé, kẹ́ ẹ fi ṣan ṣáláńgá, títí á fi kù díẹ̀. Ẹ ti fáàfù tó ń lọ sínú ilé pa o, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ má bàa lọ dí páìpù àti orí tápù. Ẹ wá so kànìnkànìn rírọ̀ tàbí búrọ́ọ̀ṣì mọ́ igi gígùn, kẹ́ ẹ fi fọ ara rẹ̀ nínú látòkè wálẹ̀, pàápàá ibi tí nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ bọ̀rọ́ yẹn bá wà. Ẹ má lo kànìnkànìn onírin, ó máa ń ha ike, ojú ibi tó bá ha yẹn ni ìdọ̀tí á tún lọ fara pamọ́ sí. Ẹ gbọ́n ìyókù jáde, kẹ́ ẹ fi àkísà tó mọ́ nu ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ ṣan án lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan dá wọ inú tánkì o! Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ò tó nǹkan. Ti ilẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe ló burú jù, mo débì kan tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìfami tó ń lo bẹntiróòlù sínú ẹ̀ kó lè fa omi ìsàlẹ̀, èéfín ẹ̀ ti dá ọmọkùnrin tó wà ńbẹ̀ kú kí wọ́n tó mọ̀, okùn la fi fà á jáde, Ọlọ́run ló ní ó máa jí. Títí dòní, ara mi kì í balẹ̀ tí mo bá rí ẹni tó ń wọ tánkì.

Ìgbà tẹ́ ẹ bá ti fọ̀ ọ́ tán ni Hypo wá wúlò. Ẹ wo ara ike ẹ̀, tí wọ́n bá kọ 3.5% síbẹ̀, lítà kan àbọ̀ ló máa tó tánkì 1,000 lítà, ti 500 lítà á gba ìlàjì ìyẹn. Kó má jẹ́ èyí tó ní lọ́fínńdà, ẹ má sì pò ó mọ́ Izal tàbí ásíìdì, èéfín tó máa jáde léwu gan-an. Ẹ bu omi dé ìdá kan nínú mẹ́rin tánkì, ẹ da Hypo sí i, ẹ wá bu omi kún un dẹ́nu. Ẹ ṣí fáàfù, kẹ́ ẹ ṣí tápù kọ̀ọ̀kan títí òórùn ẹ̀ á fi jáde níbẹ̀, kẹ́ ẹ tì í, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mu ún, ẹ ò sì ní fi ṣe àlùwàlá, torí náà ẹ ti pọn omi sínú bútà àti kẹ́ẹ̀gì ṣáájú. Tó bá pé, ẹ tú u dànù, kó má lọ sínú kànga tàbí oko ẹ̀fọ́, ẹ fi omi tuntun ṣan án.

Kòkòrò tọ́mọ yín rí yẹn, tanwíjí ni, ọmọ ẹ̀fọn. Kò bá omi bọ́hóòlù wá, ẹ̀fọn ló gba ibi kan wọlé lọ yé ẹyin, nínú ooru wa yìí bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá ló fi ń di ẹ̀fọn tó ń fò. Ẹ yẹ ọmọrí tánkì wò bóyá ó ti sán tàbí atẹ́gùn ti ṣí i, kẹ́ ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì wẹ́wẹ́ di ẹnu páìpù tí omi ń gbà jáde tó bá kún jù. Àìṣe èyí, ẹ kàn ń fọ tánkì lásán ni.

Ẹ máa fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tọ́yẹ́ bá lọ tán, àti tí òjò bá ń lọ sílé. Èyí tẹ́ ẹ bá ń bu omi mẹ́ruwà sí, ẹ má jẹ́ kó ju oṣù mẹ́ta lọ, torí a ò mọ ibi tó ti pọn ọ́n, ẹ sì máa sè é kẹ́ ẹ tó mu ún.

Ó wá ku pípọ́n yẹn. Ẹ fa omi bọ́hóòlù tààrà sínú báàkẹ́tì funfun, kó má tíì dé tánkì rárá, ẹ dé e, ẹ gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tó bá mọ́ lójú nígbà tẹ́ ẹ fa á àmọ́ tó pọ́n bí ìpẹtà nígbà tí ilẹ̀ mọ́, irin tó wà nínú ilẹ̀ ni, kò sí fífọ̀ tánkì tó lè mú un kúrò, fílítà tó ń yọ irin ló máa gbà. Tó bá mọ́ títí, a jẹ́ pé inú tánkì ni ìyọnu náà wà, fífọ̀ yìí á sì tó o.