Ṣé mo lè lọ tu àwọn obìnrin tí ọkọ ń lù nínú nílẹ̀ òkèèrè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo fẹ́ fi lívù ọ̀sẹ̀ méjì mi ṣe fọ́lọ́ńtíà nílẹ̀ òkèèrè, nílé ààbò àwọn obìnrin tí ọkọ wọn ń lù. Mi ò kọ́ṣẹ́ ẹ̀ o, àmọ́ mo fẹ́ kí wọ́n sọ gbogbo ohun tójú wọn rí fún mi kí ọkàn wọn lè fúyẹ́. Ìwé wo ni mo nílò?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ìwé kọ́ ló kàn. Wàá nílò ìwé ọlọ́pàá pé o ò lẹ́jọ́ lọ́rùn, àti físà tó gbà ẹ́ láàyè láti ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, òfin ibì kan yàtọ̀ sí tibòmíì, bi ẹ́ńbásì wọn kó o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

"Kí wọ́n sọ gbogbo ohun tójú wọn rí" yẹn ló ká mi lára, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí mi. Obìnrin yẹn ti sọ ọ́ fún ọlọ́pàá, ó ti sọ ọ́ fún dókítà, ó ti sọ ọ́ fún lọ́yà, ó ṣì máa sọ ọ́ ní kóòtù, ìwọ náà á wá dé, wàá ní kó tún un sọ, tí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé wàá wọ bàálù lọ, ta ló máa jókòó ti ọgbẹ́ tó o ṣí? Ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, bá àwọn kan gbé jáde ní 2011 lórí irú ìrànwọ́ báyìí ti sọ ọ́ pé ká má fipá mú ẹnikẹ́ni sọ ohun tójú ẹ̀ rí. Tó bá fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́, gbọ́ ọ, gbà á gbọ́, má bi í pé kí ló ṣe tí ọkọ fi lù ú. Má sì sọ fún un pé "ṣáà kó jáde" o, jọ̀ọ́! Ìgbà tóbìnrin bá ń kó jáde gan-an ni ọkùnrin bẹ́ẹ̀ máa ń le jù, ẹlòmíì ti bá a kú, ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń bá a ṣètò ààbò kó tó gbẹ́sẹ̀, ibi tó máa sá sí, ìwé tó máa mú, ẹni tó máa pè.

Má ya fọ́tò níbẹ̀ rárá. Mo rí ibi tí fọ́tò fọ́lọ́ńtíà kan ti tú àdírẹ́sì ilé ààbò síta, òru ọjọ́ yẹn la kó tìyá tọmọ kúrò.

Bá wọn tọ́jú ọmọ, bá wọn dáná, tó o bá gbọ́ èdè wọn, ṣe ògbufọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ́ ẹ. Ibi tó bá gbà ẹ́ láìbéèrè ìwé ọlọ́pàá, tí wọn ò sì dá ẹ lẹ́kọ̀ọ́, sá fún wọn. Tó bá sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì náà lo ní, owó tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ni kó o fi ránṣẹ́ sí wọn.