Ìbéèrè Yín: Ìrànwọ́ Owó fún Ẹ̀rọ Ìlọ-Ẹ̀gẹ́

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ obìnrin ni wá, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ìdànrè. Ǹjẹ́ àjọ aláàánú lè fún wa lówó ẹ̀rọ ìlọ-ẹ̀gẹ́? — Ìyá Ẹgbẹ́

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe, Ìyá wa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kì í dá ẹgbẹ́ tí kò forúkọ sílẹ̀ lóhùn. Lábẹ́ CAMA ti ọdún 2020, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè, tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gbọ́dọ̀ kéde nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, kí ẹni tó bá ní àtakò lè sọ ọ́ láàárín ọjọ́ 28. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ máa pín èrè, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló bá yín mu, ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ sì ni ìyẹn ti ń forúkọ sílẹ̀.

Nínú ìwé tí ẹ ó fi béèrè owó lọ́wọ́ àjọ aláàánú, ibi tí mo rò pé ó ṣòro jù ni bí ẹ̀rọ náà yóò ṣe máa bọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn tí owó ìrànwọ́ bá tán: ẹ kọ iye tí ẹ ó máa gbà lórí ẹrù ẹ̀gẹ́ kan, iye tí epo yóò jẹ, èyí tí ẹ ó máa tọ́jú fún àtúnṣe, àti ẹni tí owó náà yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rí ilẹ̀ tí ẹ̀rọ náà yóò wà kún un. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó kí òun tó bá yín gba ìrànwọ́, ẹ má dá a lóhùn.