Therapist ò lè gbapò mọ́fíìnì o

Àǹtí, ẹ ní dókítà ní kí ọmọ yín tó ní sickle cell lọ bá therapist, ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú ọkàn, sọ̀rọ̀, ẹ wá ń bi wá pé ṣé wọ́n rò pé irọ́ ló ń pa ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ta mí lára, torí SS lèmi náà, London níbí ni mo wà, ohun témi náà kọ́kọ́ rò nìyẹn.

Lọ́dún 2019, nínú òtútù oṣù kìíní, crisis gbé mi, ìyẹn ìrora sickle cell tó máa ń dé lójijì, ìbàdí, ẹ̀yìn, àyà, àfi bíi pé wọ́n ń fi òòlù fọ́ eegun mi. Aago 11 alẹ́ ni mo dé ibi ìtọ́jú pàjáwìrì ní hospital, ìyẹn A&E. Nọ́ọ̀sì wò mí títí, ó ní mi ò jọ ẹni tí nǹkan ń ṣe, torí pé mi ò pariwo! Ta ló sọ fún un pé gbogbo wa la máa ń pariwo? Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi kí n máa mú un mọ́ra. Aago 2 ti kọjá kí wọ́n tó fún mi ní mọ́fíìnì, oògùn ìrora tó lágbára yẹn, bẹ́ẹ̀ láti 2012 ni ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú nílẹ̀ England, ti wà nílẹ̀ pé kí wọ́n tó fúnni ní oògùn ìrora kò gbọdọ̀ ju 30 ìṣẹ́jú lọ. Mo tún ń gbọ́ wọn lẹ́yìn kọ́tìnì, wọ́n ní bóyá oògùn yẹn ló ti di bárakú fún mi. Àtìgbà yẹn, tí crisis bá ti ń bọ̀, ṣe ni màá tilẹ̀kùn mọ́rí, mi ò ní lọ sí hospital, àyà mi á máa já, oorun ò ní kùn mí, àìsùn yẹn á tún wá jẹ́ kí ìrora le sí i.

Ibẹ̀ ni therapist ti wúlò fún mi. Kò wo sickle cell sàn, kò sì sọ pé mò ń ro ìrora lásán. Ó ní tó bá ti ń bẹ̀rẹ̀ kí n kọ ohun tó wá sọ́kàn mi sílẹ̀. Mo kọ ọ́: "Wọn ò ní gbà mí gbọ́, ibẹ̀ ni màá kú sí." A jọ yẹ̀ ẹ́ wò, a wá jọ kọ ohun tí màá fi han nọ́ọ̀sì sórí bébà kan, oògùn mi àti ìwọ̀n ẹ̀, nọ́ńbà àwọn haematology, ìyẹn àwọn dókítà ẹ̀jẹ̀ tó ń tọ́jú mi. Ó ṣì wà nínú báàgì mi. CBT ni wọ́n ń pe irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ti ń bá èèyàn yẹ èrò ọkàn àti ìṣe ẹ̀ wò. Therapist àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi ò mọ nǹkan kan nípa sickle cell, èmi ni mò ń kọ́ ọ, mo ní kí wọ́n bá mi pààrọ̀ ẹ̀.

Tó bá ti di àgbàlagbà, fíforúkọsílẹ̀ ò le ní England níbí, NHS Talking Therapies ti ìjọba ni, ọ̀fẹ́ ni, kò dìgbà tó bá rí GP, ìyẹn dókítà àdúgbò.

Ẹ tún gbọ́ o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọmọ yẹn sínú ààwẹ̀ tí wọn kì í mu omi! Wọ́n ṣe é fún mi, ọjọ́ kẹta ni wọ́n gbé mi dé hospital. Tí omi bá ti gbẹ lára wa, crisis dé nìyẹn. Kí pásítọ̀ máa gbàdúrà, kí ọmọ máa mu omi.

Tí dókítà kan bá sì ní torí ó ti ní therapist àwọn fẹ́ dín oògùn ìrora ẹ̀ kù, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó fọwọ́ sí i.

Ẹ tún béèrè bóyá kẹ́ ẹ bá a wọlé. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jókòó síta. Ohun tí mo sọ fún therapist tèmi, màámi ò tíì gbọ́ ọ dòní.