Tí wáàtì sípíkà bá kéré, ṣé ariwo gìtá máa kéré?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mò ń gbé ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, bàbá onílé sì wà nísàlẹ̀ mi gan-an. Bùrọ̀dá mi fi áńpù Fender Blues Junior ránṣẹ́ sí mi láti London, oní-fáàfù (túùbù onígíláàsì ló ń gbé ohùn ẹ̀ sókè), 15 wáàtì. Tí mo bá yí i sókè díẹ̀ báyìí, wọ́n á ti máa fi igi kan àjà. Tí mo bá yí i wálẹ̀, ohùn gìtá á tínrín, kò ní dùn mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yọ sípíkà 50 wáàtì tó wà nínú ẹ̀, kí n fi 25 wáàtì rọ́pò rẹ̀, pé ariwo á dín sí ìdajì. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kì í ṣe òótọ́. Wáàtì tí wọ́n kọ sẹ́yìn sípíkà, iye agbára tó lè gbà kó má jóná ni. Kò sọ bó ṣe máa pariwo tó. Èyí tó ń sọ ìyẹn ni wọ́n ń pè ní sensitivity, dB (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, òṣùwọ̀n ariwo) ni wọ́n fi ń kọ ọ́: tí a bá fún sípíkà ní wáàtì 1, tí a dúró sí mítà 1 níwájú ẹ̀, báwo ni ohùn ṣe máa pọ̀ tó? Wo sípíkà mẹ́ta yìí tí ilé iṣẹ́ Celestion ń ṣe. Greenback G12M jẹ́ 25 wáàtì, 98 dB. Vintage 30 jẹ́ 60 wáàtì, 100 dB. Alnico Blue jẹ́ 15 wáàtì péré, 100 dB lòun náà. Blue tí wáàtì rẹ̀ kéré jù ló ń pariwo bákan náà pẹ̀lú Vintage 30, ó sì ju Greenback lọ. Tó bá jẹ́ òun lo lọ rà, owó ńlá lo máa fi ra àfikún ariwo.

Ká tiẹ̀ sọ pé o rí èyí tó fi 3 dB dín sí ti tẹ́lẹ̀. Bákan náà ló rí pẹ̀lú kéèyàn dín agbára áńpù kù sí ìdajì, àmọ́ etí ò ní gbọ́ ọ bí ìdajì. Ó máa ń tó nǹkan bíi 10 dB kí etí tó gbà bẹ́ẹ̀. Bàbá onílé ò ní mọ̀ pé o pààrọ̀ nǹkan kan. Tún wo èyí: wáàtì 1 péré lórí sípíkà 98 dB, èèyàn ti gbọ́dọ̀ pariwo kí ẹni tó wà nínú yàrá kan náà tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún wáàtì ṣì jẹ́ 78 dB, ó ṣì ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ dáadáa. Ìyẹn ni pé nínú ilé, wáàtì 15 tí o ní ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá.

Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn onígìtá ń sọ nípa sípíkà ò kan ilé. Pé pépà rẹ̀ (ojú sípíkà tó ń mì) á bẹ̀rẹ̀ sí í ya ohùn kó máa há, pé òòfà alnico (irú òòfà tó wà nínú Blue yẹn) á máa rọ ohùn náà, ìgbà tí a bá tẹ sípíkà dé góńgó nìyẹn. Má san owó alnico nítorí yàrá.

Àwọ̀ ohùn ni sípíkà lè bá ẹ tún ṣe. Tí ohùn bá lọ sílẹ̀, etí wa kì í gbọ́ bass àti ohùn òkè pátápátá bó ṣe ń gbọ́ ohùn àárín. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Fletcher àti Munson, ti gbé èyí jáde láti 1933. Àìsàn áńpù kọ́ lò ń gbọ́, etí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Sípíkà tó bá gbé ohùn àárín sí òkè, bíi Vintage 30, á wá máa gún ẹ létí. Èyí tí òkè rẹ̀ rọ̀ ni kí o wá. Èmi fẹ́ràn sípíkà Cannabis Rex ti ilé iṣẹ́ Eminence, 50 wáàtì. Okùn ara hemp, ìbátan igbó tí wọ́n ń mu, wà nínú pépà rẹ̀ (má sọ orúkọ ẹ̀ fún pásítọ̀). Ó ju 100 dB lọ, ṣùgbọ́n bọ́tìnì Master á bá ẹ mú ìyẹn wálẹ̀. Rírọ̀ ohùn ẹ̀ lò ń rà. Greenback náà tó nílé, àmọ́ tí o bá máa gbé áńpù yìí lọ sí àìsùn, 25 wáàtì ti sún mọ́ ewu jù.

12 íńṣì, 8 ohm (òṣùwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná) ni kí o rà, torí 8 ohm ni áńpù ẹ ń fẹ́. Má ṣe tan oní-fáàfù láìsí sípíkà lára ẹ̀ láé, transformer rẹ̀ lè jóná. (Ó dáa pé London ló ti wá. Ti Amẹ́ríkà, 120 fóòtì (volt), ó ṣeé ṣe kó ti jóná lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ ti plọ́ọ̀gì ẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì.) Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì oní-tweeter (sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn òkè jáde) fún ẹ. Tí o bá fi ohùn yíya gba inú ẹ̀, á máa kùn bí oyin inú agolo.

Kí o tó náwó rárá, gbé áńpù náà kúrò nílẹ̀. Gbé e sórí àga, fi fóòmù sábẹ́ ẹ̀, kó dojú kọ orí ẹ. Tó bá wà nílẹ̀, kókósẹ̀ ẹ ló ń kọrin fún, ìwọ á sì máa yí i sókè kí etí lè gbọ́, bass á sì máa gba pákó lọ bá bàbá. Yí Volume sókè, fa Master wálẹ̀. Fi bass kún un díẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó o rí i pé sípíkà tó wà nínú ẹ̀ ò burú.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lo máa rà, mú mítà oníná dání. Sípíkà 8 ohm tó péye máa ń fi nǹkan bíi 6 sí 7 hàn. Fi ìka ọwọ́ méjèèjì rọra ti pépà rẹ̀ wọlé, kó tẹ́jú, kí o sì fetí sí i: tó bá ń ha, kọ́ìlì (wáyà tí wọ́n wé sẹ́yìn pépà) ti ń kan òòfà. Tí mítà ò bá sọ nǹkan kan rárá, kọ́ìlì ti já, bó ti wù kí ara ẹ̀ dán tó, má gbé e.