Èsì: Ṣé iná tí wọ́n fẹ́ fi jó jẹjẹrẹ bàbá yóò wò ó sàn?

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Rárá o, kò ní wò ó sàn. Ọ̀nà òróòro (ihò tí òróòro ń gbà láti ẹ̀dọ̀ lọ sí ìfun), tí kókó jẹjẹrẹ náà ti dí, ni iná náà ń là, kí ojú wọn tó pọ́n bí àtalẹ̀ pupa lè mọ́, kí ara sì yé yún wọn. Ẹni tí ara ń yún tọ̀sán-tòru mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Àwọn dókítà á fún bàbá ní oògùn oorun, wọ́n á ti rọ́bà tó ní kámẹ́rà gba ẹnu dé ìfun (ERCP nìyẹn), wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ á wá wọ ọ̀nà òróòro. Iná rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ wáàtì 7 sí 10, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 90. Lẹ́yìn rẹ̀ ni stent, ìyẹn ọ̀pá kékeré oníhò tí wọ́n ń fi sínú ọ̀nà náà kó má bàa dí. Onírọ́bà sábà máa ń dí láàárín oṣù bíi mẹ́ta. Onírin máa ń pẹ́ jù ú lọ, àmọ́ owó rẹ̀ ga.

Ìyẹn bí jẹjẹrẹ bá wà nínú ọ̀nà òróòro gan-an, tí ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń dì dáadáa. Bó bá jẹ́ pancreas (ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpòlúkù) ló ti wá, stent nìkan ni ọ̀pọ̀ dókítà ń lò.

Kí ẹ tó wọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ sí LUTH tàbí LASUTH (àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì l'Ékòó), ẹ gba lẹ́tà ní Jẹ́nẹ́rà, ẹ kó fíìmù CT dání, ẹ sì kọ́kọ́ pè wọ́n bóyá wọ́n ń ṣe é.

Bí ibà àti gbígbọ̀n bá dé lẹ́yìn tí wọ́n bá padà sílé, ẹ má ṣe se àgbo. Ẹ gbé wọn lọ lóru ọjọ́ náà.