"Àwọn baba wa ti ń lò ó láti ayébáyé"

Ìbéèrè: Dókítà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìgbógbó ni mò ń gbé. Ọmọ mi ń kọ́ ìṣègùn ní yunifásítì. Wọ́n ń kọ́ wọn ní ìtàn ìṣègùn, ó wá ń fi í bá mi jà lórí àgbo tí mò ń rà ní Sábó nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn baba wa ti ń lò ó láti ayébáyé. Ṣé kì í ṣe ìtàn gan-an ló yẹ kó gbè mí? Kí tilẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ di dókítà fẹ́ fi ìtàn ṣe?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi ìtàn sílẹ̀ ná. Ẹ kò sọ bóyá ẹ ṣì ń lo oògùn tí dókítà kọ fún yín. Bí ẹ bá ti pa á tì nítorí àgbo, ẹ má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí parí kí ẹ tó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ yín ní Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú tàbí lọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú yín. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni. Ọjọ́ tó bá máa sọ̀rọ̀, ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀ ló máa fi sọ ọ́.

Ó wá ku ìtàn. Mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn níṣẹ́ yìí, n kì í sì í ní kí wọ́n há ọdún àti orúkọ sórí. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó yé wọn, òun náà ni àwọn tó ń polówó oògùn nínú dánfó láti Ìkòròdú dé Mile 12 kò fẹ́ kó yé yín: pípẹ́ tí oògùn ti pẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ń ṣiṣẹ́, kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé kò lè pa ni.

Ẹ wo àwọn òyìnbó. Ó lé ní 2,000 ọdún tí àwọn dókítà wọn fi ń la iṣan aláìsàn, tí wọ́n ń da ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nù. Ibà ni o, ọ̀fun dídùn ni o, òtútù àyà ni o, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa fà. Kì í ṣe òpè ló ń ṣe é. Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n, ìwé Galen, dókítà Gíríìkì ayé àtijọ́, ni wọ́n sì ń tọ́ka sí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1799, ọ̀fun wú mọ́ George Washington, ààrẹ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, lọ́rùn. Àwọn dókítà rẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ tó lé ní lítà méjì lára rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó kú lálẹ́ ọjọ́ náà. A kò lè sọ pé ẹ̀jẹ̀ fífà nìkan ló pa á, àmọ́ ẹni tó bá dán irú rẹ̀ wò lónìí, ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ nìyẹn.

Kí ló dé tí wọn kò fi tètè jáwọ́? Kò sẹ́ni tó ń ka iye. Ẹni tí ara rẹ̀ yá ń ròyìn dókítà kiri. Ẹni tó kú, wọ́n sin ín, wọ́n ní àìsàn ọ̀hún ló le jù. Ìgbà tí dókítà kan ní Paris, Pierre Louis, jókòó ti àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn òtútù àyà, tó sì kà wọ́n, ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1835, àwọn tí wọ́n tètè fa ẹ̀jẹ̀ wọn, nǹkan bí 44 nínú 100 ló kú. Àwọn tí wọ́n fi falẹ̀, 25 nínú 100. Aláìsàn 77 péré ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìyẹn nìkan dájọ́. Síbẹ̀, ìyẹn ju ariwo 2,000 ọdún lọ.

Ẹ ó ní ti òyìnbó nìyẹn. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wálé. Alágbo máa sọ fún yín pé àwọn baba wa kì í ṣàìsàn. Ta ló wá ń sọ ọmọ ní Málọmọ́, Dúrósinmi, Kòsọ́kọ́, Bánjókòó? Ìyá tó ti sin ọmọ méjì, mẹ́ta ló ń bẹ èyí tó ṣẹ́ kù báyẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fòníkú-fọ̀ladìde tàbí ibà ló ń pa púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní àbíkú. Wọ́n sì ní àgbo nígbà náà, àgbo rẹpẹtẹ. Ẹnu àtọmọdọ́mọ àwọn tó là á já nìkan ni "àwọn baba wa ń lò ó" ti lè jáde.

N kò ní àwọn baba wa kò mọ nǹkan o. Ní 1721, ṣànpọ̀nná jà ní Boston, ní Amẹ́ríkà (mo mọ̀ pé ilẹ̀gbóná ni ẹ̀yin àgbà fẹ́ kí n pè é). Ọkùnrin kan tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà, Onesimus, ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀, Cotton Mather, pé nílé àwọn, wọ́n máa ń fi ọyún ara ẹni tó ní in sínú gbẹ́rẹ́ ẹni tí kò tíì ní in, kò sì ní í mú un mọ́. Àwọn dókítà ìlú bú Mather. Zabdiel Boylston nìkan ló gbà, ó sì ṣírò rẹ̀: nínú nǹkan bí 240 tó ṣe é fún, 6 kú, nínú àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6,000 tí àrùn náà mú fúnra rẹ̀, 844 kú. Wọn kò tíì bí Jenner, dókítà òyìnbó tó dá àjẹsára ṣànpọ̀nná sílẹ̀, nígbà náà. Ìmọ̀ Áfíríkà ló borí, iye ló sì fi borí, kì í ṣe ọjọ́ orí.

Àgbo tiyín ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kí asofẹ́yẹjẹ wà níbẹ̀. Ẹbí rẹ̀ kan tó ń hù ní Íńdíà ni wọ́n ti yọ reserpine jáde ní 1952, oògùn tí wọ́n fi tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru káàkiri ayé. Asofẹ́yẹjẹ tiwa náà ní in lára. Nítorí náà, ó lè mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ lóòótọ́, ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ìwọ̀n tí dókítà ń kọ lóòjọ́ kì í tó mílígíráàmù kan, síbẹ̀ ọkàn àwọn mìíràn rẹ̀wẹ̀sì nídìí rẹ̀. Mélòó ló wà nínú ife kan tí ìyá alágbo bù fún yín? Òun pàápàá kò mọ̀. Bí ẹ bá wá fi oògùn ilé ìwòsàn lé e, ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, kí òòyì kọ́ yín, kí ẹ ṣubú.

Bó bá jẹ́ inú ike ni wọ́n rọ ọ́ sí, tó ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wá awò yín, kí ẹ ka ibi tí lẹ́tà ti kéré jù. Lára àwọn oògùn ìbílẹ̀ báyìí, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní oògùn náà ń ṣe wò. Nọ́ńbà yẹn kò sọ pé ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru.

N kò rí yín, n kò wọn ẹ̀jẹ̀ yín, ìdáhùn mi kò lè rọ́pò ti ẹni tó ń tọ́jú yín. Ẹ gbé àgbo náà dání lọ bá a, ẹ má fi pa mọ́. Bó bá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ wá dókítà míì. Ẹ ní kí wọ́n yẹ kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ yín wò pẹ̀lú. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín. Bí ẹnu bá wọ́, tàbí apá kan dédé rọ, ẹ má ṣe dúró de ẹnikẹ́ni, wákàtí yẹn náà ni kí wọ́n gbé yín lọ.

Kí ọmọ yín tẹ̀ lé yín lọ. Ẹ bá mi sọ fún un pé bàbá ẹni kọ́ ni a ń fi ìtàn ìṣègùn bá jà.