Ìdáhùn fún àbúrò tó fẹ́ ṣe pùròpẹ́là: kí o tó ka apá, ka yíyí ẹ́ńjìnnì rẹ

Okun o, àbúrò. Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí, mo kí yín o.

Mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní ọmọ Yàgbà ni ọ́, Kábà ni o ń gbé, o sì fẹ́ ṣe pùròpẹ́là kan (ohun alápá tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti fi ti ọkọ̀ síwájú) tó máa dára ju èyí tó wà lọ́jà lọ, tó máa bá ọkọ̀ ojú omi mu, tí ìrísí rẹ̀ á tún ṣiṣẹ́ fún bàálù kékeré tí kò ní awakọ̀. O béèrè bóyá kó jẹ́ alápá mẹ́ta tàbí alápá mẹ́rin. Màá dáhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí o ti ní o máa dà á lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ìkòkò alumíníọ̀mù, àyà mi já. Ọ̀nà tí èmi gbà nìyẹn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí èèyàn lọ́wọ́ mi.

Ọmọ Òwórò ni mí. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń kó èrò àti iṣu láti àwọn abúlé Kàkàńdá lókè odò, láti Budon títí dé Ẹ́gàn, wá sí Lọ́kọ́ja. Ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 40 ni mo ń lò. Ẹni tó bá mọ Odò Ọya nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ̀ pé omi á fà, iyanrìn á yọrí láàárín odò, ibi tí o gbà lánàá kò ní ṣeé gbà lónìí. Pùròpẹ́là á máa ha iyanrìn. Kó tó di oṣù mélòó kan, etí apá rẹ̀ á ti fẹ́lẹ́ bí ọ̀bẹ tí wọ́n ti pọ́n láti ayé ìyá àgbà. Ojúlówó wọ́n, ayédèrú kì í pẹ́ ká. Bí mo ṣe pinnu pé èmi fúnra mi á ṣe tèmi nìyẹn.

Pítìṣì ni mo kọ́kọ́ ṣì. Pítìṣì ni ibi tí pùròpẹ́là máa rìn dé ní yíyí ẹyọ kan, bíi síkúrúù tó ń wọ inú igi. Èyí tí mo bá lára ẹ́ńjìnnì jẹ́ ínǹṣì 13. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́ di 16, ọkọ̀ á sáré sí i. Irọ́ ni. Ìwé tó bá ẹ́ńjìnnì náà wá sọ pé bí mo bá fún un ní gbogbo iná, kó yí láàárín 4,500 sí 5,500 ní ìṣẹ́jú kan. Pẹ̀lú 13, mo ń rí 4,800. Pẹ̀lú 16, 4,200 péré. Ó ń mí bí ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ńtì méjì gun Òkè Pátì. Èéfín dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ písítọ́ọ̀nù gan. Ìwọ ṣáà mọ̀ pé bí o bá fi ínǹṣì kan kún pítìṣì, yíyí ẹ́ńjìnnì á dín ní nǹkan bí 150 sí 200. Ra mítà tó ń ka yíyí kí o tó ra ohunkóhun mìíràn.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá da èyí tó bà mí nínú jẹ́. Mo fi pùròpẹ́là àtijọ́ tẹ iyanrìn lọ́dọ̀ àwọn aṣèkòkò, mo kó àjákù ìkòkò, agolo, férémù fèrèsé àti písítọ́ọ̀nù tó ti bàjẹ́ fún wọn, wọ́n yọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí wọ́n tú u jáde, tí mo fi fáìlì ha ara rẹ̀, ó dán. Inú mi dùn. Mo gbé e han ìyàwó mi. Mo gbé e dání lórí píìnì kan, mo rí i pé apá kan ń fà sísàlẹ̀ ju àwọn tó kù, mo ní kò tó nǹkan. Kí o gbọ́ o: ó tó nǹkan. Ọkọ̀ ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, gbígbọ̀n yẹn ló jẹ rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi wọ inú gíà. Nígbà tí mo máa tú òróró gíà, ó ti funfun bí ògì. Mo pààrọ̀ rọ́bà, mo padà sójú omi. Ó yẹ kí n ti dúró níbẹ̀.

Oṣù Ọ̀wàwà ni, omi kún dẹ́nu. Èrò 11 ló wà nínú ọkọ̀, pẹ̀lú iṣu àti ewúrẹ́ méjì. Oòrùn ń wọ̀, a sì ti ń rí afárá Jàmátà lọ́ọ̀ọ́kán. Mo gbọ́ "gbàgà!" lábẹ́ mi, ẹ́ńjìnnì pariwo bí ohun tí ẹrù já kúrò lórí rẹ̀, gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n débi pé mi ò lè di ọwọ́ ẹ́ńjìnnì mú. Mo pa á. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé e ni mo ṣì ń rántí lóru. Omi ń gbé wa lọ tààrà síbi òpó afárá. Obìnrin kan tó pọn ọmọ di ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì mi mú, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan, ó kàn dì í mú. Mo ju ìdákọ̀ró, kò mú, iyanrìn ń yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. A fi igi àti ọwọ́ tu ọkọ̀. Apẹja ará Kàkàńdá kan tó ń ká àwọ̀n rẹ̀ ló rí wa, ó ju okùn sí wa, ó sì fi ọkọ̀ tirẹ̀ fà wá síbi tí omi ti rọ̀. Ẹnikẹ́ni kò kú. Títí di òní, mo máa ń gbé iṣu lọ kí i lọ́dọọdún.

Lọ́jọ́ kejì mo wo ojú ibi tó ti já. Inú rẹ̀ kún fún ihò wẹ́wẹ́ bí inú búrẹ́dì, òmíràn tó hóró ẹ̀wà. Ohun tó fa ihò yẹn ni pé alumíníọ̀mù tó ti yọ́ máa ń fa háídírójìn, afẹ́fẹ́ kan tó wà nínú omi, látinú ọ̀rinrin iyanrìn àti ti afẹ́fẹ́, pàápàá bí iná bá pọ̀ jù. Nígbà tó bá ń dì, háídírójìn náà á há sínú rẹ̀. Ìkòkò ọbẹ̀ lè gba ihò mọ́ra. Apá pùròpẹ́là kò lè gbà á. Ohun kejì ni pé ìdí apá, níbi tó ti so mọ́ àárín, mo fi fáìlì gé e ní igun ṣánṣán kó lè lẹ́wà. Igun yẹn gan-an ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í là. Kí ìdí apá yí rọbọtọ bí ọrùn akèrèǹgbè, má ṣe gé e láéláé.

Mo wá ní kí n ṣe é bó ṣe yẹ. Mo gbé àwòrán mi àti òmíràn tí mo tún ṣe lọ sí ọ́fíìsì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ran irú wa lọ́wọ́. Ọ̀gá ibẹ̀ kò fọwọ́ kan irin náà. Ó bi mí pé ilé-iṣẹ́ òyìnbó wo ló ni ín. Ó ní kí n lọ gba lẹ́tà ẹnjiníà wá. Ẹnjiníà gba owó mi, ó tẹ òǹtẹ̀, kò bi mí bóyá ọkọ̀ iṣu tàbí ọkọ̀ eré ìje ni. Nígbà tí mo padà, wọ́n ní fáìlì mi ti sọnù, pùròpẹ́là tí mo fi sílẹ̀ sì bá a lọ. Oṣù méje ni mo fi lọ tí mo fi bọ̀. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún kó lè gbé wa dìde ni kò fẹ́ ká dìde. Má fi ẹyọ kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ya fọ́tò rẹ̀, gba ìwé. Bí o bá sì gbà pé tìrẹ jẹ́ tuntun lóòótọ́, má gbé àwòrán rẹ̀ síta níbí kí o tó lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Pátẹ́ǹtì ilẹ̀ wa ń fúnni ní ọdún 20, ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo èèyàn ti rí kì í ṣe tuntun mọ́ lójú òfin.

Ohun tó wá ṣiṣẹ́ fún mi rèé. Mo gbẹ́ igi bí àwòṣe pùròpẹ́là, èyí tí wọ́n máa fi tẹ iyanrìn. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 11 àti ààbọ̀, pítìṣì rẹ̀ jẹ́ 11. Apá kò gbọdọ̀ tẹ̀ bákan náà láti ìdí dé orí, torí orí ń rin ọ̀nà jíjìn ní yíyí kan ju ìdí lọ, bẹ́ẹ̀ ibì kan náà ni wọ́n jọ ń sún dé. Fi 2 lọ́nà 3.14 lọ́nà jíjìn láti àárín pín pítìṣì, èsì rẹ̀ ni tan igun náà (tẹ tan⁻¹ lórí ẹ̀rọ ìṣírò, á fún ọ ní igun fúnra rẹ̀). Lórí tèmi, ní ínǹṣì 2 sí àárín ó jẹ́ igun dígírì 41, ní ínǹṣì 4 nǹkan bí 24, lórí pátápátá 17. Mo gé páálí sí igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ń fi wọ́n wọn apá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó dà á fún mi lẹ́ẹ̀kejì lo irin ọ̀tun tó jẹ́ ẹyọ irú kan, ó yan iyanrìn gbẹ kó tó lò ó. Ẹ́ńjìnnì mi ń yí 5,000 báyìí. Gíà pín in sí méjì, 2,500 ni pùròpẹ́là ń yí. Lọ́nà ínǹṣì 11, ó yẹ kí ọkọ̀ máa sá kìlómítà 42 ní wákàtí kan. Fóònù mi ní 27 ni. Ìyókù, nǹkan bí 36 nínú 100, ni omi ń yọ̀ mọ́ apá lọ́wọ́. Fún ọkọ̀ igi tó kún fún iṣu, mo fara mọ́ ọn.

Bí o bá rí i pé apá rẹ ń ní àpá bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná jà, cavitation nìyẹn: ẹ̀yìn apá ń fa omi débi pé omi ń hó láìsí iná, èéhó rẹ̀ ń fọ́ lára irin. Ohun tó dá ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Charles Parsons lẹ́kun nìyẹn nígbà tó gbé ọkọ̀ Turbinia jáde ní 1894. Pùròpẹ́là mẹ́sàn-án lórí ọ̀pá mẹ́ta ló fi borí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn mẹkáníìkì wa ń pe gbogbo nǹkan ní cavitation. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ́ńjìnnì ló ga jù tó ń fa afẹ́fẹ́ láti òkè. Irin pẹlẹbẹ tó wà lókè pùròpẹ́là, jẹ́ kó bá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba.

Ti bàálù. Ìrísí kan kò lè sin àwọn méjèèjì. Omi wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 800, ìdí nìyẹn tí apá tinú omi fi fẹ̀ tó sì kúrú, tí ti bàálù fi gùn tó sì tín-ín-rín. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Wright, tí wọ́n fi bàálù ẹlẹ́ńjìnnì fò ní 1903, lo igi, apá méjì, gígùn rẹ̀ lé ní mítà méjì àti ààbọ̀. Wọ́n ṣírò ó bí ìyẹ́ bàálù tó ń yí. Tìrẹ, lo igi tí o lẹ̀ pọ̀ ní ìpele, apá méjì, má sì jẹ́ kí orí rẹ̀ sá súnmọ́ ìyára ohùn, nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Má ṣe da irin fún bàálù, mo bẹ̀ ọ́. Bí o bá ń dán an wò, má dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni apá tó bá já ń gbà.

Èyí tó ká bí yẹtí nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, tó ń wá láti Amẹ́ríkà, dára, kì í pariwo. Ṣùgbọ́n o máa nílò ẹ̀rọ agérin tí kọ̀ǹpútà ń darí, ojúoró àti àwọ̀n sì pọ̀ lódò wa. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á kọ́ sínú yẹtí yẹn.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ọ̀rọ̀ pùròpẹ́là jìnnà sí wa. Ọkọ̀ Pleiad tó gba Odò Ọya kọjá níwájú ilẹ̀ wa wọ Bẹ́núè ní 1854, tí Àjàyí Crowther wà nínú rẹ̀, pùròpẹ́là ló ní. Ìgbà yẹn, kò tíì pé 20 ọdún tí Francis Pettit Smith, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń dán tirẹ̀ wò, tó fi igi ṣe é bíi síkúrúù gígùn, tí ìdajì rẹ̀ já sínú omi ní 1837, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì yára sí i. Tirẹ̀ já, ó rí ọgbọ́n níbẹ̀. Tèmi já, òpó afárá ni mo rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ọ pé ibi tí ẹsẹ̀ ń tólẹ̀ ni kí o ti kọ́kọ́ dán tìrẹ wò, ìwọ nìkan, láìsí èrò, pẹ̀lú ẹ̀wù amúniléfòó lọ́rùn, kí okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì wà lọ́wọ́ rẹ, kí pùròpẹ́là àtijọ́ àti sípánà rẹ̀ sì wà nínú ọkọ̀.

Apá mẹ́ta tàbí mẹ́rin: fún ọkọ̀ ẹrù lórí odò wa, mẹ́rin. Ó ń di omi mú nígbà tí ọkọ̀ kò tíì sáré, gbígbọ̀n rẹ̀ kéré, ẹrù orí apá kọ̀ọ̀kan sì ń dín kù. Á gba díẹ̀ lára yíyí ẹ́ńjìnnì, nítorí náà dín pítìṣì kù ní ínǹṣì kan bí o bá ń ti orí mẹ́ta bọ́ sí mẹ́rin. Ọkọ̀ fúyẹ́ tó fẹ́ sáré, mẹ́ta ti tó.

Kí o tó gbẹ́ igi, kọ nǹkan mẹ́ta síbí fún mi: yíyí ẹ́ńjìnnì náà pẹ̀lú ẹrù kíkún, iye tí gíà fi ń pín in, àti bí ọkọ̀ ṣe ń sá tó lórí fóònù. Èyí tí mo gbẹ́ ṣì wà nílé pẹ̀lú páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí o bá wá sí Lọ́kọ́ja, wá wọ̀n ọ́n.